Adrenal Kì Í Rẹ̀: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Gan-an Nígbà Tí Àìsàn Bárakú Bá Gba Okun Yín

Tí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú àìsàn bárakú, ì báà jẹ́ sickle cell, lupus, asthma tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ mọ irú àárẹ̀ kan tí oorun kì í wò. Ẹ sùn fún wákàtí 9, ẹ jí, ara yín dà bíi ti ẹni tó ru sìmẹ́ńtì mọ́jú. Ẹ gbé fóònù, ẹ béèrè lọ́wọ́ Google pé kí ló dé tó ń rẹ̀ yín ṣáá. Kò ní pẹ́ tí ìdáhùn kan á fi yọjú: adrenal yín ló ti rẹ̀. Wọ́n á ní másùnmáwo ti lò ó gbó, kò lè pèsè cortisol mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ike oògùn kan hàn yín, iye tí wọ́n ń tà á á sì wà nísàlẹ̀ fídíò.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wọni lára. Ẹni tí àwọn ará ilé ti ń pè ní ọ̀lẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí dókítà wò tó ní "kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́", tó wá rí ẹni tó gbà pé nǹkan kan ń ṣe é lóòótọ́, ara á tù ú. Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àlàyé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ni kò tọ́. Ká ní ó kàn jẹ́ àlàyé tí kò tọ́ lásán, mi ò bá má yọ ara mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n adrenal lè dákẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́, tó bá sì dákẹ́, ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń mú kó dákẹ́ wà nínú àpò oògùn, àti nínú ike ìpara, ọ̀pọ̀ nínú wa.

Fìlà orí kíndìnrín

Méjì ni adrenal, ọ̀kọ̀ọ̀kan dé kíndìnrín kan lórí bíi fìlà. Ó kéré: ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5, bíi hóró ṣúgà kan. Apá méjì ló ní. Ti inú ló ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọkàn yín máa lù kìkì nígbà tí ọ̀kadà bá fẹ́ẹ́ gbá yín. Ti ìta ló ń pèsè cortisol àti aldosterone, àwọn méjì yìí sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Cortisol kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín já wálẹ̀ nígbà tí ẹ ò tíì jẹun. Ó ń ran ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n má jà kọjá ààlà. Aldosterone ní tiẹ̀ ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ jù. Orúkọ tí wọ́n sọ cortisol lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé họ́mọ̀nù másùnmáwo ni, ti bà á lórúkọ jẹ́ jù. Ẹnikẹ́ni ò lè wà láàyè láìsí i.

Ó tún ní àkókò. Ìdájí, nígbà tí ẹ bá fẹ́ jí, ló máa ń ga jù, á wá máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru. (Ti ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru lè yàtọ̀.) Nítorí náà, tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ní cortisol yín kéré, ẹ má tíì jáyà. Ó yẹ kó kéré nígbà yẹn.

Adrenal kì í dá pàṣẹ fún ara rẹ̀. Apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus ló ń ránṣẹ́ sí pituitary, kókó kékeré kan tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Pituitary á tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ACTH sínú ẹ̀jẹ̀, ACTH ló máa lọ ta adrenal jí. Bí cortisol bá ti tó, ọpọlọ á rí i, á sì dẹwọ́. Ẹ wo táǹkì omi tó wà lórí ilé. Float wà nínú rẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀, float á wálẹ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú borehole. Bí omi bá kún, float á gbéra sókè, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Bí ọpọlọ àti adrenal ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, tọ̀sán tòru. A máa padà sídìí táǹkì yìí.

Ibi tí ìtàn náà ti wá

Lọ́dún 1998 ni James Wilson, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ oníṣègùn chiropractic, gbé gbólóhùn náà "adrenal fatigue" jáde. Ohun tó ń sọ rọrùn láti lóye: másùnmáwo ń bèèrè cortisol, adrenal ń pèsè, ó ń pèsè, títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ó jọ òótọ́, torí bí bàtà ṣe ń gbó nìyẹn. Adrenal ò kúkú jọ bàtà. Bí ACTH bá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ńṣe ló ń tóbi sí i, tó sì ń pèsè sí i. Ẹni tí àìsàn ńlá gbé dé ọsibítù, cortisol rẹ̀ sábà máa ń ga ni, kì í lọ sílẹ̀.

Lọ́dún 2016, àwọn oníwádìí méjì ní Brazil, Flavio Cadegiani àti Claudio Kater, kó ìwádìí 58 jọ, wọ́n tú wọn wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀rí wà pé adrenal àwọn tó ń rẹ̀ ń gbó. Wọn ò rí i. Ìwádìí kan á ní cortisol wọn kéré, òmíràn á ní ó ga, òmíràn á ní kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Àkọlé tí wọ́n fún àbọ̀ ìwádìí wọn kò fi bọpo bọyọ̀: wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n má bàa rẹ́ yín jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Àwọn ìwádìí kan wà tó rí i pé cortisol àwọn tó ní ME/CFS, àìsàn tí àárẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí àmì rẹ̀, máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí wọ́n wá fún wọn ní cortisol ni? Wọ́n ti dán an wò. Ní 1998 kan náà yẹn ni àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde: hydrocortisone ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n adrenal àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nítorí oògùn náà. Àwọn oníwádìí náà ò gbani níyànjú pé kí wọ́n máa lò ó.

Àwọn ike oògùn ńkọ́, èyí tí wọ́n kọ "adrenal support" sí lára? Lọ́dún 2018, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ra oríṣi 12 lára èyí tó ń tà níbẹ̀, wọ́n yẹ inú wọn wò. Gbogbo méjèèjìlá ló ní T3, họ́mọ̀nù tí thyroid inú ọrùn ń pèsè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní họ́mọ̀nù steroid. Wọn ò kọ ọ́ sí ara ike. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ara àwọn kan lè yá díẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n bá gbé e mì: họ́mọ̀nù ni wọ́n gbé mì láìmọ̀. Tí T3 bá wá ń jẹ́ kí ọkàn máa sáré lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni wọ́n máa bi?

Mo rí "adrenal cocktail" náà tó gba TikTok kan: omi ọsàn, iyọ̀, pẹ̀lú cream of tartar tàbí omi àgbọn. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ohun mímu lásán ni. Ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú omi ọsàn fún oníṣúgà, iyọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, potassium sì kún inú cream of tartar àti omi àgbọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò lè tètè tọ potassium dànù. Ẹni tí adrenal rẹ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́ gan-an, potassium ti sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun mímu tí wọ́n ṣe fún adrenal ló wá lè ṣe é ní jàǹbá jù.

Nígbà tó bá dákẹ́ lóòótọ́

Thomas Addison, dókítà ní Guy's Hospital ní London, tẹ ìwé kan jáde ní 1855 nípa aláìsàn 11. Okun wọn ń tán díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ, inú ń rù wọ́n, àwọ̀ ara wọn sì ń dúdú láìnídìí. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, adrenal ló ti bàjẹ́. TB, ikọ́ ìfe, wà lára ohun tó bà á jẹ́. Lónìí, ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọmọ ogun ara tó kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀ ló sábà ń fà á. Níbi tí TB ṣì ti pọ̀, bíi Nàìjíríà, TB kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àmì rẹ̀ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àárẹ̀ tó ń le sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ara tó ń rù. Òòyì tó ń kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì. Èébì tàbí inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀. Kí iyọ̀ máa wu èèyàn jẹ ṣáá. Àti àwọ̀ tó ń dúdú sí i, torí ACTH tó pọ̀ jù máa ń ta àwọ̀ jí pẹ̀lú. Lára òyìnbó, wọ́n á tètè rí i. Lára àwa dúdú, ẹni tó bá wo ojú nìkan kò ní rí nǹkan kan. Èrìgì ni kí ẹ wò, inú ẹnu, ìlà àtẹ́lẹwọ́, oríkèé ìka, àti àpá tuntun. Tí èrìgì tó ti pupa tẹ́lẹ̀ bá ń dúdú, ẹ fi han dókítà. (Àwọn kan wà tí èrìgì wọn dúdú láti kékeré o, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó ń yí padà là ń sọ.)

John F. Kennedy ní àìsàn yìí. Ní London ni wọ́n ti sọ fún un ní 1947, kó tó di pé ó ronú ipò ààrẹ. Ní 1954 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un ní New York, ó sì fẹ́ẹ́ kú lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà kọ nípa aláìsàn kan, ọkùnrin ọmọ ọdún 37, láìdárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí aráyé tó mọ̀ pé òun ni. Ẹni tó ń ti oògùn bọ ẹnu lójoojúmọ́ ló ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìyẹn fi hàn pé àìsàn náà ní ìtọ́jú: hóró hydrocortisone àti fludrocortisone, ní gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹni tó ń pa ni ẹni tí wọn ò mọ̀ pé ó ní in.

Omi tanker

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí táǹkì. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi tanker, tí wọ́n ń da omi sínú táǹkì yín lójoojúmọ́. Float kò ní wálẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ borehole á dákẹ́, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, kò kàn sí ẹni tó pè é. Oṣù mẹ́fà kọjá, ẹ̀rọ ti dógùn-ún. Lọ́jọ́ kan ẹ ní owó tanker ti pọ̀ jù, ẹ dá a dúró. Omi ò sí.

Omi tanker yẹn ni steroid. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, Philip Hench ní Mayo Clinic fún obìnrin kan tí oríkèé ara ti fẹ́ẹ́ sọ di arọ ní cortisone. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà ń rìn. Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Mi ò bá steroid jà: ó ti gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tí asthma fẹ́ẹ́ pa, ó ti gba kíndìnrín àwọn tó ní lupus là. Ẹ má ṣe torí ohun tí ẹ kà níbí ju oògùn tí dókítà kọ fún yín nù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo oríṣiríṣi ọ̀nà tí omi tanker ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa. Prednisolone fún lupus tàbí asthma, èyí tí dókítà mọ̀ nípa rẹ̀. Dexa tí àwọn ọmọge ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, láìsí ìwé dókítà. Ìpara tí wọ́n fi ń bóra, tí clobetasol wà nínú ẹ̀, steroid tó lágbára gan-an, tí wọ́n ń fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún mélòó kan. Àti àwọn ìyẹ̀fun tàbí kápúsù "ewé àti egbò" tí ń wo làkúrègbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe gbogbo àgbo ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò tí wọ́n bá dexamethasone tàbí prednisolone nínú ẹ̀. Ewé tó bá ń wo oríkèé lálẹ́ ọjọ́ kan, tó tún ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, ó yẹ kéèyàn bi í léèrè orúkọ.

Ìṣirò kan rèé tó wúlò. Ẹni tó bá ti lo prednisolone tó tó nǹkan bíi mílígíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kó gbà pé adrenal òun lè ti sùn. Dexamethasone lágbára jù ú lọ: mílígíráàmù 0.75 péré ló bá 5 prednisolone dọ́gba. Nítorí náà, hóró dexa kékeré méjì lójúmọ́, oní-0.5 tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, ti kọjá ààlà. Tí adrenal bá sì ti sùn, kì í jí lọ́jọ́ kan. Ó lè gba oṣù mélòó kan, nígbà míì ó lè ju ọdún kan lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fín oògùn asthma sí ẹnu ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò, ewu tirẹ̀ kéré gan-an, ẹ má ṣe dá a dúró.

Ká ní ọmọbìnrin kan ti lo dexa fún oṣù mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ wú, ìlà pupa yọ nínú ikùn rẹ̀, ó bá dá a dúró láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn. Oúnjẹ ò wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú ń run ún. Ẹ mọ ohun tí gbogbo àdúgbò máa pè é: malaria àti typhoid. Wọ́n á fún un ní oògùn ibà, kò ní lọ, wọ́n á tún fún un ní abẹ́rẹ́. Èrìgì rẹ̀ kò ní dúdú, torí ACTH gan-an ló ti dákẹ́, nítorí náà dókítà tó ń wá àmì Addison kò ní rí i. Tí ibà gidi bá wá wọlé tọ̀ ọ́ ní àkókò yẹn, tí ara bèèrè cortisol tí kò sí, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀, ṣúgà á já, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ní já gaara mọ́. Pàjáwìrì nìyẹn. Ohun tó máa gbà á ò wọ́n: hydrocortisone mílígíráàmù 100 lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fa omi oníyọ̀ sí i lára kíákíá. Ohun tó máa jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rántí abẹ́rẹ́ yẹn ni gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọbìnrin náà tàbí ẹni tó gbé e wá: ó ń lo dexa, ó sì ti dá a dúró. Ojú lè ti èèyàn láti sọ ọ́, pàápàá tí ìyá bá dúró tì í. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ń rẹ̀ yín?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe adrenal. Ẹ mú sickle cell (orúkọ tí àwọn kan ń pè é, fòníkú-fọ̀ladìde, kò dáa lẹ́nu, mi ò ní tún un pè mọ́). Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ayé fún nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í ju ọjọ́ 10 sí 20. Mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti fi tuntun rọ́pò, PCV rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30. Atẹ́gùn oxygen tó ń dé iṣan rẹ̀ kò tó ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta pẹ̀lú PCV 22, iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí tiyín. Kò sí ìdí láti wá adrenal kún un.

Síbẹ̀, àárẹ̀ lè ní ju ìdí kan lọ, àwọn kan sì wà tó rọrùn láti tọ́jú. Ìrora ń já oorun. Àwọn tó ń hanrun púpọ̀, tí èémí wọn máa ń dúró lójú oorun, kì í sinmi bí wọ́n tilẹ̀ sùn mọ́jú. Thyroid tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ máa ń mú àárẹ̀ àti òtútù wá. Kíndìnrín tó ń bàjẹ́ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Nǹkan oṣù tó pọ̀ jù ń gbé irin inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn oògùn kan fúnra wọn ń mú oorun wá. Ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn, tí wọ́n ń pè ní depression, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ìrora, ara ló sì sábà máa ń gbà sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa: "ara mi wúwo", "orí mi gbóná". Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìnígbàgbọ́.

Tí àmì adrenal tí mo kà sókè bá wà lára yín, tàbí tí steroid ti wọlé rí, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí èsì rẹ̀ kò bá dáni lójú, wọ́n á ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Synacthen: wọ́n á gún ACTH àtọwọ́dá sí yín lára, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tàbí 60, láti wò bóyá ẹ̀rọ inú borehole ṣì ń dáhùn. Àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún "adrenal fatigue" kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi owó rẹ̀ ṣe PCV, thyroid àti kíndìnrín.

Iná inverter

Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, àárẹ̀ lè ṣì wà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa wà. Ọgbọ́n tó kù ni ti ẹni tó ń lo inverter: kò ní tan áyọ́ọ̀nù, fíríìjì àti ẹ̀rọ omi pa pọ̀. Ẹ mọ ohun tó ń gba iná jù lọ́dọ̀ yín. Fún ẹnì kan, ìwẹ̀ àárọ̀ ni. Á gbé àga sí balùwẹ̀, á sinmi kó tó wọṣọ. Fún ẹlòmíràn, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tí iná bá kú. Ọjọ́ tí ara bá yá ló léwu jù, torí ọjọ́ yẹn lèèyàn máa ń fọ aṣọ oṣù kan, tó sì máa fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀.

Eré ìdárayá díẹ̀ ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Àwọn tó ní ME/CFS, tí ara wọn máa ń burú sí i lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń fipá mú wọn ṣe é fún ọdún pípẹ́. Ní 2021, NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní England, ní kí wọ́n dẹ́kun fífi eré ìdárayá àfikún bẹ́ẹ̀ tọ́jú wọn.

Àkókò jíjí tí kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àárọ̀, omi mímu déédéé (pàápàá fún SS) àti oúnjẹ lásìkò, gbogbo wọn ló dára. Ẹ kàn má pè wọ́n ní oògùn adrenal. Iyọ̀ ní tiẹ̀, ẹ má fi kún un àfi tí dókítà bá sọ.

Ní England, láti 2020, wọ́n ń fún àwọn tó ń lo steroid fún ìgbà pípẹ́ ní káàdì pàjáwìrì kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ bèèrè tiyín lọ́wọ́ dókítà tàbí ilé oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ bi dókítà yín pé kí ni kẹ́ ẹ ṣe tí ibà bá mú yín: ó sábà máa ń ní kẹ́ ẹ sọ oògùn di ìlọ́po méjì fún ọjọ́ díẹ̀, tí ẹ bá sì ń bì í jáde, kẹ́ ẹ wá gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí sí ojú fóònù, níbi tí èèyàn ti lè rí i láìṣí i, ẹ fi orúkọ àti ìwọ̀n oògùn tiyín rọ́pò tèmi:

"Mò ń lo prednisolone mílígíráàmù 10 lójoojúmọ́. Ẹ má dá a dúró. Tí ẹ bá rí i pé mò ń bì, tàbí mo dákú, ẹ fún mi ní hydrocortisone lábẹ́rẹ́ kí ẹ tó ṣe nǹkan míì."